Ọ̀wẹ̀ fún Gbígbìn, Àáró fún Bíbomirin: Bí Àdúgbò Ṣe Lè Dá Ibòòji Igi Padà sí Adó-Èkìtì

Ẹ dúró sí Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù Kejì, kí ẹ wo ibi tí àwọn èèyàn sá sí. Abẹ́ agboòrùn ni, abẹ́ páànù iwájú ṣọ́ọ̀bù ni, ẹ̀gbẹ́ ògiri tí òjìji rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ ni. Ìlú tí àpáta yí ká ni Adó. Òkúta ń gba oòrùn sára láti àárọ̀, ó sì ń tú ooru rẹ̀ jáde títí di alẹ́; páànù, kọnkéré àti ọ̀dà títì ń ṣe bákan náà. Igi nìkan ni tirẹ̀ yàtọ̀: ó ń fa omi láti inú ilẹ̀, ó ń mí in jáde lójú ewé, atẹ́gùn tó yí i ká á sì tutù. Bí ilé ti ń pọ̀ tí títì sì ń fẹ̀ sí i, ọ̀pọ̀ igi tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún wa ti lọ, kò sì sí ẹni tó gbin òmíràn dípò wọn.

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí àwa ní àdúgbò wa jáde láti gbin igi, inú wa dùn, a ya fọ́tò, a kọrin. Kí oṣù Kẹta ọdún kejì tó parí, èyí tó ju ìdajì igi náà lọ ti gbẹ, ewúrẹ́ sì ti jẹ nínú ìyókù. Ó dùn mí gan-an, nítorí kì í ṣe pé a kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan. Ọmọ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a pe ọ̀wẹ̀, a kò dá àáró. Ọ̀wẹ̀ ni pé kí èrò pé jọ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n jẹ iyán, kí wọ́n túká. Àáró ni pé kí àwọn mélòó kan tó ti jọ fẹnu kò máa gba iṣẹ́ ṣe lọ́wọ́ ara wọn, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́. Owúrọ̀ kan ṣoṣo ni gbígbìn igi ń gbà. Títọ́ rẹ̀ ń gba ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Ìlànà tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, ọ̀nà tí a wá ń gbà ṣe é nísinsìnyí ni.

Oṣù Kejì àti Kẹta: ẹ rìn, ẹ má tíì gbin nǹkan kan

Ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ rìn yí àdúgbò yín ká nígbà tí oòrùn bá mú jù. Ẹ kọ ibi tí àwọn èèyàn ti ń dúró nínú oòrùn sílẹ̀: ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń gúnlẹ̀ sí, ẹnu ọ̀nà iléèwé, ìdí kànga ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ń tò sí, iwájú àwọn tó ń ta bọ̀ọ̀lì. Ibẹ̀ gan-an ni igi ti wúlò. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń gbin sí ibi tí ó rọrùn láti gbẹ́ kòtò sí, tí kò sí ẹnikẹ́ni tó ń kọjá. Irú igi bẹ́ẹ̀ kì í ní ẹni tó máa ṣàánú rẹ̀.

Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ gbójú sókè, kí ẹ sì wo ilẹ̀. Bí wáyà iná bá wà lókè, igi ńlá kò gbọdọ̀ bọ́ síbẹ̀, torí àwọn òṣìṣẹ́ iná á gé orí rẹ̀ lọ́dọọdún títí tí yóò fi di kùkùté. Nílẹ̀, ẹ wá gọ́tà, páìpù omi àti sọ́ọ̀kàwéè. Igi tó máa tóbi bíi mángòrò gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 8 sí ilé, kí ó sì tó mítà 3 sí gọ́tà. Lẹ́yìn èyí, ẹ ki dígà bọ ilẹ̀. Adó ni a wà: ilẹ̀ míì wà tó dára lójú, bí ẹ bá gbẹ́ ẹ dé ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, ẹ ti kan àpáta. Kí ẹ mọ̀ ọ́n nísinsìnyí dára ju kí ẹ mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí èrò pé sílẹ̀.

Ìyọ̀ǹda ló kàn. Ẹ lọ sọ́dọ̀ olórí àdúgbò, ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ẹ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ etí títì ìjọba, ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń mójú tó títì bóyá wọ́n ní i lọ́kàn láti fẹ̀ ẹ́. Ẹ gba ìdáhùn wọn ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà.

Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda tó ṣòro jù, tó sì ṣe pàtàkì jù, ni ti ẹni tí igi máa wà níwájú ilé tàbí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ má rán ọmọdé sí i. Kí àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́ kan jọ lọ, kí wọ́n kí wọn dáadáa, kí wọ́n jókòó. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta aṣọ, a ní, “Ìyá, ẹ kú ọjà o. A fẹ́ gbin igi síwájú yín, kí ẹ lè rí ibi fara pamọ́ fóòrùn.” Ìyá ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Tí igi yín bá wá bo sáìnbọ́ọ̀dù mi ńkọ́? Ta ni yóò mọ̀ pé mo ń ta nǹkan níbí?” Ọ̀rọ̀ gidi ni ìyá sọ. Ọ̀pọ̀ igi ìlú ló jẹ́ pé nítorí sáìnbọ́ọ̀dù ni wọ́n ṣe gé wọn lóru. A sún kòtò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì ṣèlérí pé a ó máa gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kúrò kí igi lè ga kọjá orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Ìyá tún ní dóńgóyárò kò wu òun, àgbálùmọ̀ ni òun fẹ́. Àgbálùmọ̀ náà la fún wọn.

Ẹ óò gbọ́ àwọn ẹ̀rù míì pẹ̀lú: pé ejò á máa gbé orí igi, pé ewé á dí gọ́tà, pé ìjì á wó o lu òrùlé. Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Gbogbo wa la mọ bí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ṣe ń ṣí páànù ní Èkìtì. Bí ẹnì kan bá kọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ lọ sí ilé tó tẹ̀ lé e. Igi tí onílé kò fẹ́ kò lè yè.

Igi wo?

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, ṣé ewé máa wà lórí igi yìí nínú oṣù Kejì? Tíìkì tí gbogbo ayé fẹ́ràn nítorí pákó rẹ̀ a máa wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn, ìgbà tí a nílò ibòòji jù lọ. Àfàrà náà ń wọ́wé. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní masquerade, tó nà gbọọrọ bí òpó, rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ibòòji rẹ̀ kò gba àga méjì.

Mángòrò kì í wọ́wé tán. Abẹ́ rẹ̀ tutù ní ọ̀sán gangan. Bẹ́ẹ̀ ni àgbálùmọ̀, èso rẹ̀ sì máa ń wà láti oṣù Kejìlá títí di bí oṣù Kẹrin, tí àwọn ọmọdé á máa ṣọ́ igi náà fún yín láìgbowó. Dóńgóyárò fara da ọ̀dá àti ilẹ̀ òkúta ju púpọ̀ nínú wọn lọ, nítorí náà òun ni mo máa ń fi sí orí òkè níbi tí erùpẹ̀ kò ti pọ̀. Fúrúùtù a máa tẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ bí agboòrùn, ó sì ń yára dàgbà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, ó lè gbé kọnkéré sókè. Ojúde iléèwé àti pápá ló yẹ ẹ́. Abẹ́ wáyà iná, ẹ gbin gúrófà, òsàn wẹ́wẹ́, tàbí àkòko tí a ń fi ewé rẹ̀ joyè. Àkòko ń hù láti ara igi tí a gé lásán, ẹ sì lè máa gé e mọ́ ìwọ̀n tí ẹ fẹ́.

Igi ọdán ni àwọn bàbá wa ń lò fún ibòòji ọjà àti ojúde ọba, wọn kò sì ṣìṣe. Ṣùgbọ́n ojúde tó tẹ́jú ni wọ́n gbin tiwọn sí. Bí ògiri kan bá wà nítòsí tó mítà 15, ẹ fi ọdán sílẹ̀.

Ẹnì kan máa dìde nínú ìpàdé pé ìrókò ńkọ́, igi ilẹ̀ wa. Ìrókò wù mí bó ṣe wù ú. Kòkòrò kan wà tó ń mú kí orí ọmọ ìrókò wú kókó-kókó, tí ọ̀mùnú rẹ̀ á sì rà. Ibi tí ìrókò bá pọ̀ sí lójú kan nínú oòrùn ló ti ń ṣọṣẹ́ jù. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ará ilé ni kò ní gbà kí igi olúwéré hù síwájú fèrèsé wọn. Ẹ gbin ọ̀kan tàbí méjì sí ẹ̀yìn ìlú, láàárín àwọn igi mìíràn. Àràbà kò yẹ láàárín ilé rárá. Ó tóbi ju àdúgbò lọ.

Ẹ má sì gbin oríṣi kan ṣoṣo. Bí àìsàn bá wọlé, gbogbo títì ló máa pa.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ ọmọ igi fúnra yín

Ó dín owó kù, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́. Ẹ kó náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà tó ti ṣófo jọ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lu ihò mẹ́rin sí ìdí rẹ̀. Ẹ po erùpẹ̀ orí ilẹ̀ dúdú ìwọ̀n mẹ́ta, yanrìn odò ìwọ̀n kan, àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbẹ tó sì ti pẹ́ ìwọ̀n kan. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó gbòǹgbò rẹ̀. Kóró àgbálùmọ̀ kì í pẹ́ kú: bí ẹ bá ti lá èso rẹ̀ tán, ẹ fọ kóró, ẹ gbìn ín láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kóró dóńgóyárò náà kì í tọ́jọ́. Ti mángòrò, ẹ fi ọ̀bẹ la èèpo líle náà, kí ẹ yọ ọmọ inú rẹ̀, kí ẹ gbìn ín lójú ẹsẹ̀.

Abẹ́ ibòòji ni ẹ ó kọ́kọ́ tò wọ́n sí. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ óò gbìn wọ́n síta, ẹ máa ṣí wọn sí oòrùn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dín omi wọn kù, kí ara wọn lè le. Ẹ gbé ọmọ igi inú náílọ́ọ̀nù kékeré yìí sínú náílọ́ọ̀nù dúdú tó tóbi tí ewé rẹ̀ bá ti tó mẹ́fà sí mẹ́jọ, torí gbòǹgbò tó bá ti ká ara rẹ̀ bí okùn kò ní dúró dáadáa mọ́. Ọmọ igi tó tó gbìn ga láti orúnkún dé ìbàdí, ọ̀pá rẹ̀ sì nípọn tó bírò. Ẹ má jẹ́ kí gíga tàn yín jẹ. Èyí tó ga tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìjì ń kọ́kọ́ ṣẹ́.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀

Òjò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, ṣùgbọ́n ẹ dúró kó fìdí múlẹ̀. Láti ìparí oṣù Karùn-ún sí àárín oṣù Keje ló dára jù ní Èkìtì. Òjò á dá díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, á tún padà ní oṣù Kẹsàn-án, ọmọ igi á ti ta gbòǹgbò kí ọyẹ́ tó dé. Ẹni tó bá gbin igi ní oṣù Kẹwàá ń fi í lé ẹ̀ẹ̀rùn lọ́wọ́ ni.

Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè gbin igi 30 kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, bí wọ́n bá tètè dé ní aago mẹ́fà àbọ̀ tí wọ́n sì pín ara wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta. Bí wọ́n bá ti wa kòtò sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ó tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dígà, ṣọ́bìrì, ọkọ́, bárò kan láti fi kó erùpẹ̀, bíléèdì láti fi la náílọ́ọ̀nù: ó tán. Ẹ bomi rin àwọn ọmọ igi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Kòtò yóò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, yóò jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ kó erùpẹ̀ dúdú ti òkè sọ́tọ̀, kí ẹ kó pupa ti ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ fi dígà ha ara kòtò kó má dán, kí gbòǹgbò lè wọlé. Ẹ dá erùpẹ̀ dúdú padà sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ tó ti jẹrà, ìwọ̀n bárò kan fún kòtò mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bíléèdì la náílọ́ọ̀nù láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ bọ́ ọ kúrò pátápátá. Mo ti hú igi tó kú rí tí mo bá náílọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé odindi erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ má fi ọ̀pá rẹ̀ fà á.

Ibi tí ọ̀pá ti pàdé gbòǹgbò ló gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Bí ẹ bá rì í jù, ìdí rẹ̀ á rà; bí ó bá yọ síta, oòrùn á pa gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ bu erùpẹ̀ sí i, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ mọ ebè róbótó yí i ká kí omi lè dúró, kí ẹ sì da omi sí i bí òjò tilẹ̀ ń ṣú. Ẹ kó ewé gbígbẹ tàbí koríko bo ilẹ̀ náà tó ìka mẹ́rin ní nínípọn, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ara igi ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.

Lẹ́yìn náà, kí àwọn èèyàn jẹun. A kì í pe ọ̀wẹ̀ ní Èkìtì kí iyán má sí níbẹ̀.

Ewúrẹ́ àti àdá

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, kí ọgbà ti wà lára igi kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe lọ́la. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo lè jẹ igi mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ọparun mẹ́rin tí ẹ rì mọ́lẹ̀, tí ẹ fi èyí tí ẹ là dè yíká, ti tó. Kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, torí ewúrẹ́ máa ń fẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró. Ẹ fi àkísà aṣọ so igi mọ́ ọ̀pá àtìlẹ́yìn láìfún un jù. Wáyà àti okùn rọ́bà ń gé e lára.

Ọ̀tá kejì ni àwa fúnra wa. Lọ́jọ́ Sátidé ìmọ́tótó, ọ̀dọ́ tó mú àdá, tí inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́, á ṣán koríko àti igi pọ̀. Ẹ kun orí ọparun ní ọ̀dà funfun, ẹ kọ nọ́ńbà sí i, kí ẹ sì fi ọwọ́ tu koríko ìdí rẹ̀ fúnra yín kí ọjọ́ náà tó pé. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìlú ni, ẹ ro ilẹ̀ yí i ká tó mítà kan kí iná igbó má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn.

Àáró: oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ igi kan nílò nǹkan bí ìdajì kẹ́ẹ̀gì lítà 25, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Láti àárín oṣù Kọkànlá títí òjò fi máa padà, ó tó nǹkan bí ogún ọ̀sẹ̀, ìyẹn ìgbà ogójì. Igi 30 ń fẹ́ kẹ́ẹ̀gì 15 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń ṣe é, á sú u kí Kérésìmesì tó dé. Bí ilé mẹ́wàá bá pín in, igi mẹ́ta ló kan ilé kọ̀ọ̀kan: kẹ́ẹ̀gì kan àbọ̀ ní ọjọ́ Ọjọ́rú, kẹ́ẹ̀gì kan àbọ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Ọmọ ọdún méjìlá lè ṣe é kó tó lọ ilé ìjọsìn.

Nítorí náà, ilé tó gbà láti bomi rin ni ẹ fi mọ iye igi tí ẹ máa gbìn, kì í ṣe iye ọmọ igi tí ẹnì kan fi ta yín lọ́rẹ. Bí ilé mẹ́rin péré bá fọwọ́ sí i, igi méjìlá ni kí ẹ gbìn. Lọ́dún tí a kùnà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wa ní ọmọ igi, a sì gbin gbogbo rẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ ilé sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà igi nínú ìwé. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ yan ẹni tó máa dí àyè rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú àáró oko. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ bomi rin, kí ẹ dà á díẹ̀díẹ̀ kí ilẹ̀ lè mu ún. Omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ dára. Omi ọṣẹ tó ki àti omi tí wọ́n fi jíìkì sí kò dára. Níbi tí omi bá ti wọ́n, ẹ gbé ìgò oníke ńlá kan sí ìdí igi, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó máa kán tó, tó, tó mọ́jú.

Ẹ ka igi yín ní ìparí oṣù Kẹta

Àwọn èèyàn á bi yín pé igi mélòó lẹ gbìn. Ẹ sọ iye tó wà láàyè. Ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, nígbà tí obìnrin kan, Wangari Maathai, dá ẹgbẹ́ tó ń gbin igi, Green Belt Movement, sílẹ̀ ní ọdún 1977, igi tó bá yè ni wọ́n ń fún àwọn obìnrin abúlé lówó díẹ̀ lé lórí. Gbígbìn nìkan kò tó. Ọgbọ́n yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ náà tàn dé ibi tó tàn dé, kí wọ́n tó fún Maathai ní ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ní 2004. Àwa kò lówó tí a máa pín, ṣùgbọ́n ilé tí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ bá yè, a máa ń lọ kí wọn nílé, a sì máa ń gbé iṣu dání.

Èyí tó bá kú, ẹ hú u kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí gbòǹgbò bá ká, náílọ́ọ̀nù rẹ̀ ló kéré. Bí ó bá rà, ẹ rì í jù tàbí omi ń dúró níbẹ̀. Bí ó bá gbẹ pọ́ńpọ́ń, àáró ló yẹ̀. Ẹ lọ bá ilé náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, torí ó lè jẹ́ pé kànga wọn ló gbẹ. Ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kẹfà.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, ṣùgbọ́n ẹ da kẹ́ẹ̀gì kan odindi fún igi kọ̀ọ̀kan kí omi lè jìn. Ẹ tú àkísà aṣọ náà, kí ẹ mi ọ̀pá igi wò: bí ó bá dúró fúnra rẹ̀, ẹ yọ ọ̀pá àtìlẹ́yìn. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé rẹ̀ lọ lọ́dún, títí tí àgbàlagbà yóò fi lè kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìtẹ orí ba. Ọgbà ọparun ni kí ẹ yọ kẹ́yìn, nígbà tí ẹnu ewúrẹ́ kò bá dé ewé mọ́.